Ọkọ̀ Tó Lè Bá Mi Relé

Aago 5 ìdájí ni fóònù mi dún. Ọdẹ tó ń ṣọ́ èbúté tí mo so ọkọ̀ mi mọ́ ní Ẹ̀pẹ́ ló ń pè. Kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi ní, "Bàbá, ẹ tètè máa bọ̀ o. Ìdí ọkọ̀ yín ti wọmi, orí rẹ̀ nìkan ló kù lókè." Oṣù Keje ni, òjò sì ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Èmi àti ìyàwó mi wà nílé wa ní Owódé nílùú Ọ̀yọ́, nǹkan bíi kìlómítà 150 sí ibi tí ọkọ̀ náà wà. Kí a tó dé Ìbàdàn, kí a tó gba Ìjẹ̀bú-Òde já sí Ẹ̀pẹ́, oòrùn ti kan àtàrí. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti mumi yó. Bẹ́ẹ̀dì, ìdáná, ìwé ọkọ̀ tí mo kó sínú dúrọ́ọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú omi tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Ìyá Fẹ́mi kò sọ̀rọ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa tìmùtìmù yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sá wọn sórí koríko.

Ó tó èèyàn márùn-ún tó ti wá bá mi láàárín ọdún méjì yìí pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: irú ọkọ̀ ojú omi wo ni kí àwọn rà? Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí èèyàn lè kó aya àti ọmọ sí, kí wọ́n rìn káàkiri lórí omi, kí wọ́n se oúnjẹ níbẹ̀, kí wọ́n sì sùn mọ́jú bó bá wù wọ́n. Òwò èrò kọ́, iṣẹ́ ẹja kọ́. Gbogbo àwọn tó ń béèrè ló jẹ́ ará òkè bíi tèmi: Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìṣẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìmọ̀ràn tí ẹni tó ń gbé etí ọ̀sà yóò fún yín kò ní bá ọ̀nà wa mu.

Ọdún 27 ni mo fi wa kíréènì ní èbúté Àpápá. Láti òkè kíréènì, èèyàn máa ń rí ọ̀sà lọ jìnnà réré, mo sì máa ń rí àwọn ọkọ̀ funfun kéékèèké tó ń kọjá lọ́jọ́ Sátidé, tí ìdílé jókòó sínú wọn. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ láti ọdún kẹta iṣẹ́ mi pé bí mo bá fẹ̀yìn tì, n ó ra ọ̀kan. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì dé, a ti kó padà sí Ọ̀yọ́, ilé wa ti dúró, àwọn ọmọ ti jáde ilé ìwé. Kò sí ohun tó dá mi dúró.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín ìgbà tí alágbàtà kan l'Ékòó fi ọkọ̀ náà hàn mí àti ìgbà tí mo san owó. Ẹsẹ̀ bàtà 32 ni gígùn rẹ̀, tòkunbọ̀ láti Yúróòpù. Èèyàn mẹ́fà lè sùn síbẹ̀. Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní ibi ìdáná, èèyàn lè nàró nínú rẹ̀ láìtẹ orí ba. Ẹ́ńjìnnì dísù méjì wà nínú ikùn rẹ̀. Ohun tí mo yẹ̀ wò ni bẹ́ẹ̀dì, àga àti fèrèsé. Mo tilẹ̀ mú ìwọ̀n tìmùtìmù rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ oníṣọ̀nà awọ kan ní ìtòsí Akẹ̀sán, ó bá mi fi awọ pupa àti dúdú rán wọn, ó sì dárà sí i bí wọ́n ṣe ń dárà sí àpò àti ìrọ̀rí láyé àwọn bàbá wa. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ewú ti hù sí gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà dára púpọ̀. Èmi ni mo gbé awọ tó mọ atẹ́gùn Ọ̀yọ́ lọ sórí omi tí gbogbo nǹkan ti ń rin lóru. Aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń bo ìjókòó mọ́tò ló yẹ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rì, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn ní irin gígùn kan tó gba inú ọkọ̀ jáde sínú omi, tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn. Ibi tí irin yẹn ti gba ara ọkọ̀ jáde, wọ́n máa ń fi okùn tó mu gíríìsì dí i. Nínú irú tèmi, okùn yẹn gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kí omi kán tó-tó-tó bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí irin má baà gbóná. Bí ọkọ̀ bá dúró, kíkán yẹn yẹ kó dá. Tèmi kò dá, mi ò sì mọ̀. Omi tó bá kán, páǹpù kékeré kan tó ń lo bátìrì ló ń fà á jáde. Bátìrì ń gba agbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan. Ní oṣù yẹn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mi ò fi dé Ẹ̀pẹ́, torí pé ara ìyá mi kò yá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí omi tó ń kán bá jẹ́ lítà kan péré ní wákàtí kan, lítà 24 ni lójúmọ́, lítà 840 ni ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí a tó wá ka omi òjò. Páǹpù ṣiṣẹ́ títí bátìrì fi kú. Láti ọjọ́ tí bátìrì ti kú, omi ń wọlé, kò sì sí ohun tó ń lé e.

Ọdẹ kò jẹ̀bi. Ohun tí mo háyà rẹ̀ fún ni kí ẹnikẹ́ni má jí ọkọ̀ gbé, ẹnikẹ́ni kò sì jí i gbé.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo ìrìn àjò mi sí. Mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láàárín oṣù 14 tí mo fi ní ọkọ̀ náà, ọjọ́ 11 ni mo fi wà á. Alẹ́ mẹ́ta ni a sùn sínú rẹ̀. Ìgbà 19 ni mo ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ wò ó lásán, láti fọ̀ ọ́, láti gbọ́n omi, tàbí láti bá mẹkáníìkì jà. Ibùsùn mẹ́fà, èèyàn méjì. Bí mo bá ti jókòó kọ irú ìṣirò yìí ṣáájú, kí n bi ara mi pé ọjọ́ mélòó nínú ọdún ni èmi àti Ìyá Fẹ́mi yóò fi wà lórí omi lóòótọ́, mi ò ní ra ọkọ̀ yẹn. Mo ra ọkọ̀ fún èèyàn kan tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀yọ́ ni èmi ń gbé.

Mo tà á bó ṣe wà, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mo fi rà á ni mo rí.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, lẹ́nu bàbá kan tó ń kan ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló bá mi wá àwọn tó fa ọkọ̀ náà gòkè. Nígbà tí mo sọ fún un pé n ó tún ra òmíràn, mo rò pé yóò bú mi. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi etí rà á kí ẹ tó fi ojú rà á." Ó mú òòlù kékeré tí orí rẹ̀ jẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara ọkọ̀ fáíbà (òwú gíláàsì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ pọ̀) kan tó wà lórí ilẹ̀ nítòsí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ń dún kó-kó-kó. Ó dé ibì kan, ohùn yí padà, ó di bù-bù. Ó ní ibẹ̀ ti jẹrà nínú. Mo lù ú fúnra mi, mo sì gbọ́ ọ. Inú mi dùn gan-an, torí mo ti rí i rí nílé: báyìí ni àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ṣe ń fi ìka ta igbá kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Igbá tó yè máa ń dáhùn.

Ọkọ̀ mẹ́rin ni a jọ wò. Ohun tí mo kọ́ nínú wíwò yẹn pọ̀ ju ohun tí mo kọ́ ní oṣù 14 lọ.

Àwọ̀ ọkọ̀ fáíbà lábẹ́, ibi tó máa ń wà nínú omi, ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bíi ìléròrò kéékèèké, omi ti wọ inú fáíbà náà nìyẹn. Bàbá fi ìṣó tú ọ̀kan, omi inú rẹ̀ ń rùn bí ọtí kíkan. Ìléròrò díẹ̀ kì í pa ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ ni ẹ wá gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wò jù. Pákó ló máa ń wà láàárín fáíbà níbẹ̀, pákó yẹn ló sì ń kọ́kọ́ jẹrà. Kí ẹ di ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, kí ẹ fi gbogbo ara tì í sókè sódò, kí ẹnì kejì yín máa wo ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é. Bí ibẹ̀ bá ń mì, ẹ máa lọ sílé. Ọkọ̀ kẹta tí a wò rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ mi lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ́ńjìnnì náà ní tirẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ gbé ọwọ́ lé e kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Bó bá ti gbóná, ó ti dá a ṣiṣẹ́ kí ẹ tó dé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tútù kì í tètè dáhùn ni. Ẹ ní kí ó tú ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ife. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti ń wọ inú jíà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó gbé e sórí omi, kí ẹ wà á fún wákàtí kan ó kéré tán. Ẹni tó bá ní kò sí àyè láti wà á, ẹ má bá a dúnàádúrà.

Mo ronú nípa ọkọ̀ onígi pẹ̀lú. Àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ń kàn án dáadáa, owó rẹ̀ kò sì ga. Ó wù mí nítorí igi, torí igi ọmọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù nílé wa, òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n omi ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò tó ń lu igi wà nínú omi oníyọ̀, ọkọ̀ onígi sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa wò ó lóòrèkóòrè. Bí mo bá sì gbé e sórí ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lásìkò ọyẹ́, pákó rẹ̀ á sún kì, ojú ìránpọ̀ á là. Kò yẹ mí.

Omi ọ̀sà yẹn fúnra rẹ̀ ló tún sọ ohun kan fún mi tí n kò fetí sí nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀sà Èkó kò jìn bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Níbi púpọ̀ kò ju mítà mẹ́ta lọ, etí rẹ̀ kò sì tó mítà kan. Ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ ń mu tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta nínú omi, ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó sórí iyanrìn tí a sì ní láti dúró de àwọn ọlọ́kọ̀ ẹja. Gbéborùn tún wà níbẹ̀, ewéko tó ń léfòó tó wọ omi wa láti ìhà Badagry ní 1984. Lọ́jọ́ tó bá pọ̀, á di ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi tútù, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn, èèyàn lè gbé e sókè, kó fi ọwọ́ tú ewéko kúrò, kó máa lọ. Èyí tó wà nínú ikùn, ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì, kò gùn. Páàtì ẹ́ńjìnnì dísù mi kan lo ọ̀sẹ̀ méje kó tó ti òkè òkun dé. Yamaha 40, ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 40 tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kò sí abúlé apẹja láti Ẹ̀pẹ́ dé Badagry tí ẹ ò ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú tó sì mọ̀ ọ́n dì.

Epo ńkọ́? Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye epo sílẹ̀ kó tó kọ iye ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì 40 bíi tèmi, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ń jẹ nǹkan bíi lítà 15 ní wákàtí kan. Nígbà tí lítà kan bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà, ẹgbẹ̀rún 15 náírà ni wákàtí kan, láìka ọ́ìlì tí mò ń pò mọ́ ọn. Mo máa ń rọra wà á, owó yẹn sì máa ń wálẹ̀ dáadáa. Ìdá mẹ́ta ni mò ń pín epo sí: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan tí n kò ní fọwọ́ kàn.

Ọkọ̀ tí mo wá rà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 19. Fáíbà ni. Yàrá kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí èmi àti Ìyá Fẹ́mi lè dùbúlẹ̀ sí, tapólì ni a fi ń bo ìyókù. Bí mo bá gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kò mu tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo ra á pẹ̀lú tírélà kékeré tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù mi lè fà, ohun tó sì jẹ́ kí n san owó láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ní báyìí, àgbàlá ilé mi ló ń sùn. Bí òjò bá rọ̀ lóru, mo máa ń gbọ́ ọ lórí tapólì rẹ̀ láti orí ibùsùn mi, mo sì mọ̀ pé ihò tí mo ṣí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń da omi náà sílẹ̀.

Ó tún ṣí ilẹ̀kùn tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò lè kúrò ní ọ̀sà. Èyí gbé mi lọ sí Ìkéré, lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti fi ìsédò dá odò Ògùn dúró tó fi di adágún ńlá láàárín òkè. A ti Ọ̀yọ́ lọ láàárọ̀, ọjọ́ kan náà ni a wà lórí omi. Omi aládùn ni, kò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ bí omi oníyọ̀. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí a sùn níbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rọ̀, tí ohùn àwọn ẹyẹ dákẹ́, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ki Yemọja tó ni odò náà, oríkì tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń kì, tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí fún ọdún 31 tí a ti jọ wà. Àpọ́sítélì ni wá. Mo dákẹ́, mo gbọ́ ọ tán.

Apẹja kan níbẹ̀ ló sọ fún mi pé igi tí omi bò mọ́lẹ̀ ṣì dúró lábẹ́, pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, kùkùté máa ń sún mọ́ òkè. Àwọn apẹja ni mò ń tọ̀ lẹ́yìn, ibi tí wọ́n bá gbà ni mò ń gbà.

Ọkọ̀ kékeré ní ìyà tirẹ̀, n ò ní fi pamọ́. A kì í lè nàró nínú yàrá rẹ̀. Ike onídèérí ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa, Ìyá Fẹ́mi kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí ìgbì bá dìde, a máa ń padà síbi tí a ti wá, a kì í bá a jà. Tírélà náà ń béèrè ìtọ́jú: bí táyà bá ti sáré jìnnà, àárín rẹ̀ á gbóná, bí ẹ bá sì tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀, á fa omi mu, bíárìn á sì jẹ. Ìdajì wákàtí ni mò ń fún un kó fi tutù. Mo jẹ bíárìn méjì kí n tó mọ èyí.

Ẹ̀wù amúniléfòó ni ohun tí mo kọ́kọ́ rà nígbà kejì, kí n tó ra ọkọ̀ pàápàá. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Ọmọ tó bá wọ ti àgbà lè yọ́ bọ́ nínú rẹ̀ nígbà tó bá ṣubú. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kì í wọ ọkọ̀ mi, ìbáà jẹ́ àna mi. A kì í sì wà lórí ìrìn lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́.

Olùkọ́ kan wá bá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù tó kọjá. Ó ti rí ọkọ̀ alumíníọ́ọ̀mù ẹsẹ̀ bàtà 22 kan, ó fẹ́ san owó. Mo bá a lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò mì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tútù nígbà tí a dé, ó sì jí nígbà tó fa okùn lẹ́ẹ̀kejì. Ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n san án?" Mo bi í pé báwo ni gẹ́ètì ilé rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Kò mọ̀. A wọn fífẹ̀ ọkọ̀ náà lórí tírélà rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ nílé lórí fóònù, ó ní kó mú téèpù, kó lọ wọn gẹ́ètì. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, à ń dúró de ọmọ náà.